Amí inú kọ̀ǹpútà ilé: èwo nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ọ̀fẹ́ ló tó gbẹ́kẹ̀ lé?

Ṣọ́ọ̀bù ìtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mo ní ní Adó-Èkìtì, lágbègbè Ajílósùn. Ìbéèrè kan náà ni àwọn oníbàárà ń bi mí láti Ìkéré dé Ìkọ̀lé, pàápàá lórí WhatsApp lálẹ́ nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo ti tẹ ìdáhùn wọn títí, àtàǹpàkò ń ro mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó wọn jọ síbí. Mi ò ta ìkankan nínú àwọn sọ́fútíwíà tí mo máa dárúkọ, kò sì sí ẹni tó fún mi ní kọ́bọ̀ kí n lè yìn ín.

Ọ̀gá, kí lẹ ń pè ní amí gan-an? Ṣé kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì náà ni?

Ọmọ ìyá ni wọ́n, iṣẹ́ wọn ló yàtọ̀. Fáírọ́ọ̀sì máa ń ràn láti fáìlì kan dé èkejì bí ọ̀fìnkìn ṣe ń ran àwọn ọmọ kíláàsì. Amí ò fẹ́ ariwo ní tirẹ̀. Á wọlé, á jókòó jẹ́ẹ́, á máa wo ohun tí ẹ ń ṣe, á sì máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó rán an. Àwọn kan ń ka gbogbo lẹ́tà tí ẹ bá tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù. Àwọn kan ò tiẹ̀ ní dúró kí ẹ tẹ nǹkan kan: ibi tí Chrome kó páswọ́ọ̀dù yín pa mọ́ sí ni wọ́n ń lọ tààrà, wọ́n á palẹ̀ ẹ̀ mọ́, kí ẹ tó mu omi tán wọ́n ti lọ. Èyí tó rọjú jù nínú wọn ni èyí tó ń da ìpolówó bo ojú kọ̀ǹpútà, tó sì ń fi ojúewé ìwákiri tirẹ̀ rọ́pò tiyín. Amí ni mo ń pe gbogbo wọn níbí, torí ẹ̀ṣọ́ kan náà la fi ń lé wọn.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé láptọ́ọ̀pù wọn wá láti Ìyìn. Ohun tí màmá sọ ni pé, "Google mi ti di ẹlòmíì." Mo ṣí Chrome, mo sì rí i lóòótọ́: àwòrán òkun kan báyìí, àpótí ìwákiri tí mi ò rí rí, àti àfikún bíráósà (extension) mẹ́fà tó tò lọ́wọ́ ọ̀tún lókè tí màmá ò mọ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Fọ́ọ̀mù owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n fẹ́ sọ di PDF. Wọ́n dé ojúewé kan, wọ́n tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tó tóbi jù níbẹ̀. Bọ́tìnnì gidi wà nísàlẹ̀, ó rí tín-ín-rín bí ìrù èkúté. Ìpolówó ni ti òkè yẹn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó ti wà nínú tèmi?

Ti ìpolówó, ẹ máa fojú yín rí i. Fáànù tó ń hó nígbà tí ẹ ò ṣe nǹkan kan náà yẹ kó kọ yín lóminú. Bí dátà bá ń tán lójijì, ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Network & internet, ẹ wá Data usage. Windows á to orúkọ sọ́fútíwíà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye dátà tó ti jẹ. Orúkọ tí ẹ ò mọ̀ tó sì jẹ gigabaiti méjì lóṣù, ẹ wádìí rẹ̀. (Kí n má purọ́: lọ́pọ̀ ìgbà tí mo bá wò ó, Windows fúnra ẹ̀ ni mo ń bá nídìí ìjẹkújẹ yẹn.)

Èyí tó burú jù kì í fi àmì kankan hàn. Àwọn ọ̀rẹ́ yín ló máa kọ́kọ́ pè yín láti béèrè ìdí tí ẹ fi ń tọrọ owó lórí Facebook.

Windows Defender ti wà lórí ẹ̀rọ mi. Ṣé ó tó, àbí kí n wá òmíì kún un?

Fún ọ̀pọ̀ ilé, ó tó. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí kì í dùn létí. Ẹni tó gbé kọ̀ǹpútà wá sí ṣọ́ọ̀bù fẹ́ kí n fi nǹkan kan sí i kó tó gbé e lọ.

Torí amí gan-an ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, Microsoft ra ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ GIANT tó ti ní sọ́fútíwíà tó ń lé amí. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2005, wọ́n gbé e jáde fún àyẹ̀wò lórúkọ Microsoft AntiSpyware, wọ́n wá yí orúkọ náà sí Windows Defender. Nínú Windows Vista àti Windows 7, amí nìkan ló ń lé. Bí fáírọ́ọ̀sì bá ń gba iwájú ẹ̀ kọjá, kò kàn án. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ wa kọ́ láti máa sọ pé "Defender ò wúlò", ọ̀rọ̀ náà ò sì kúrò lẹ́nu wa mọ́. Windows 8 dé ní 2012, iṣẹ́ méjèèjì wá di tirẹ̀. Bó ṣe wà ní Windows 10 àti 11 títí dòní nìyẹn, àmọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é báyìí ni Microsoft Defender Antivirus.

Ilé àyẹ̀wò méjì ni mo máa ń wo èsì wọn, AV-TEST ní Magdeburg lórílẹ̀-èdè Jámánì àti AV-Comparatives ní Innsbruck lórílẹ̀-èdè Austria. Nígbà kan, ẹ̀yìn ni Defender máa ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tó ti ń bá àwọn olówó du ipò.

Àléébù kan wà tó kan àwa níbí ju àwọn ará òkè òkun lọ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni Defender ti ń gba púpọ̀ nínú ọgbọ́n rẹ̀. Bí ó bá rí fáìlì tó ṣàjèjì, ó máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ Microsoft lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí dátà bá ti tán, tí ẹ wá ki fúláàṣì ẹlòmíì bọ̀ ọ́, ojú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣí fúláàṣì àjèjì, ẹ tan hotspot fóònù yín ná.

Ẹ ṣí Windows Security báyìí, kí ẹ wo ibi mẹ́ta. Ní Virus & threat protection, ẹ rí i pé Real-time protection wà ní títàn. Ní App & browser control, ẹ wọ Reputation-based protection settings, kí ẹ tan Potentially unwanted app blocking; òun ló ń dá irú ohun tó bá màmá Ìyìn fínra dúró. Ibi kẹta ni àwọn èèyàn kì í dé, Exclusions, nísàlẹ̀ Manage settings. Ibẹ̀ ni a máa ń kọ fódà tí a ò fẹ́ kí Defender wò sí. Amí tó gbọ́n máa ń kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Mo ti bá láptọ́ọ̀pù kan pàdé tí wọ́n ti kọ gbogbo C: síbẹ̀. Ọdẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lórí, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, wọ́n kàn ní kó má wo inú ilé ni. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Malwarebytes ńkọ́? Àbúrò mi ní òun ló dáa jù.

Àbúrò yín ò parọ́, ṣùgbọ́n ẹ bi í pé èwo. Bí Defender bá jẹ́ ọdẹ tí kì í sùn, Malwarebytes ọ̀fẹ́ jẹ́ wolé-wolé. Kò ní í wá àfi tí ẹ bá pè é. Bó bá dé, á wo abẹ́ ìkòkò, á wo ẹ̀yìn kùlé, á kó ohun tó bá rí, á sì máa lọ. Kì í dúró ṣọ́ ilé. Láti 2008 ló ti wà, ọwọ́ rẹ̀ sì dá nínú kíkó ìdọ̀tí tí àwọn yòókù ń fojú fò.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sórí ẹ̀rọ, ó máa ń fún yín ní ẹ̀dà olówó wò fún ọjọ́ 14. Bó bá di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, á bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé ààbò ti lọ, ẹ wá sanwó. Ẹ má jáyà. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ ló padà sí. Ẹ kàn rí i dájú pé Defender ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣí Malwarebytes lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ tẹ Scan, ẹ lọ gúnyán yín. Kí ẹ tó jẹun tán, ó ti parí.

AdwCleaner tún wà, tí Malwarebytes rà ní 2016. Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, bóyá nítorí pé kò lẹ́nu. Ẹ ò ní í fi sórí kọ̀ǹpútà rárá. Fáìlì kan ṣoṣo ni, kò tóbi, ẹ lè gbé e sórí fúláàṣì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, á wá àfikún bíráósà, ìpolówó àti ojúewé ìwákiri àjèjì, á yọ wọ́n, á ní kí ẹ tan ẹ̀rọ yín padà. Òun ni mo lò fún màmá Ìyìn. A ò tíì sọ̀rọ̀ dé orí ọmọ wọn tó wà ní Ìbàdàn tó fi parí.

Spybot àti Ad-Aware tí a ń lò láyé cybercafé ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dàgbà! Ad-Aware ti wà láti 1999, Spybot Search & Destroy tẹ̀ lé e ní 2000, ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Patrick Kolla ni. Nígbà tí a ń ṣe "all-night" ní káfẹ́, àwọn méjèèjì ló wà lórí gbogbo ẹ̀rọ, ẹni tí kò bá sì tíì tẹ "Immunize" lórí Spybot ò tíì di ẹ̀ńjíníà lójú wa. Iṣẹ́ tí Immunize ń ṣe rọrùn: ó máa ń ti ilẹ̀kùn àwọn ojúewé burúkú tí ó mọ̀ lórúkọ kí kọ̀ǹpútà má lè dé ibẹ̀ rárá.

Wọ́n ṣì wà. Ad-Aware ti di antivirus odindi lórúkọ Adaware, Spybot ṣì ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n amí ayé ìsinsìnyí ń yí ojúewé padà ní wákàtí sí wákàtí, ìwé orúkọ kò lè bá a mọ́. Mi ò fi wọ́n sórí ẹ̀rọ oníbàárà mọ́. Tèmi wà lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan nínú yàrá, fún ìrántí.

SUPERAntiSpyware?

Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ kì í ṣọ́lé, bíi ti Malwarebytes. Àwọn kúkì ìpolówó, ìyẹn fáìlì kékeré tí ojúewé fi ń dá yín mọ̀, tó wà nínú bíráósà ló máa ń kà jù, á wá ní òun rí "igba ewu". Kúkì kì í ṣe ewu tó le tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti ní Malwarebytes, ẹ lè fi í sílẹ̀.

Avast, AVG, Avira, Bitdefender, Kaspersky: gbogbo wọn ló ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́. Kí ló dé tí ẹ ò dárúkọ wọn?

Mo ń bọ̀ níbẹ̀. Ọdẹ odindi ni wọ́n. Bí ẹ bá fi ọ̀kan sórí Windows, Defender á yàgò fún un. Wọ́n ń rí amí, wọ́n ń rí fáírọ́ọ̀sì, iṣẹ́ wọn dára. Ìbéèrè mi lórí wọn ni ẹni tó ń sanwó ọdẹ.

Ẹ wo ti Avast. Ọmọ Czech ni, òun náà ló ra AVG ní 2016, nítorí náà ẹni tó bá ń bá ọmọnìkejì jà pé AVG dáa ju Avast lọ, inú ilé kan náà ni wọ́n ti ń jà. Avast ní ilé iṣẹ́ kékeré kan lábẹ́ rẹ̀, Jumpshot, tó ń ta àkọsílẹ̀ ibi tí àwọn èèyàn ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àkọsílẹ̀ tí wọ́n kó láti ara àwọn tó fi Avast ṣọ́lé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú síta, wọ́n ti Jumpshot pa ní oṣù Kìíní ọdún 2020. Ní 2024, àjọ FTC ti Amẹ́ríkà, tó ń gbèjà oníbàárà, ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là, kí wọ́n má sì ta irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìpolówó mọ́. Ọdẹ tí a gbà kó máa lé amí ló ń ṣe amí. Wọ́n ti jáwọ́ ńbẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n ara mi ò tíì balẹ̀.

Kaspersky ń ríran dáadáa nínú àyẹ̀wò. Ilé iṣẹ́ Rọ́ṣíà ni. Ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de títa rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ní 2024. Ọ̀rọ̀ òṣèlú wà nínú ẹ̀, òfin yẹn ò sì dé Nàìjíríà, ẹ lo òye yín. Avira ọmọ Jámánì máa ń yọ ìpolówó tirẹ̀ sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún yìí dandan, Bitdefender ti Romania ni mo máa mú: ó dákẹ́, kì í dààmú èèyàn, kò ní bọ́tìnnì púpọ̀. Lórí láptọ́ọ̀pù tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, ẹ fi Defender sílẹ̀ bó ṣe wà.

Bí mo bá fi méjì pọ̀, ṣé ààbò ò ní di ìlọ́po méjì?

Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Ọdẹ méjì tí kì í sùn á máa fura síra wọn, kọ̀ǹpútà á wá máa rìn bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì. Ọdẹ kan, wolé-wolé kan. Ìyẹn ò ní ìjà.

Dátà mi ò tó, iná náà ò dúró. Kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè yìí ni kò sí nínú ìwé àwọn òyìnbó. Defender ò ná yín ní dátà kankan láti gbé wọlé, ó ti wà níbẹ̀, ìmúdójúìwọ̀n rẹ̀ nìkan ló kù. Bí hotspot yín bá wà ní "metered", ìyẹn pé Windows gbà pé dátà yín níwọ̀n, Windows máa ń fawọ́ sẹ́yìn, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó má gba nǹkan kan. Ẹ wọ Virus & threat protection, Protection updates, ẹ fọwọ́ ara yín tẹ Check for updates lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ méjì. Malwarebytes tóbi, ẹ fi dátà òru gbà á.

Ẹ lè gba fáìlì AdwCleaner lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé Microsoft Safety Scanner kiri lórí fúláàṣì láti ọdún tó kọjá, òkú ló ń gbé: ọjọ́ 10 péré ló fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á.

Full scan lè gba wákàtí mélòó kan. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ tí iná bá dúró. Quick scan máa ń wo àwọn ibi tí amí sábà ń fara pamọ́ sí, ìyẹn ti tó fún ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀.

Nǹkan kan yọ lórí kọ̀ǹpútà mi pé fáírọ́ọ̀sì 37 ti wọ ibẹ̀, kí n tẹ ibẹ̀ kí n tó pàdánù gbogbo fáìlì mi.

Ẹ má tẹ ẹ́. Kò sí fáírọ́ọ̀sì 37 níbì kankan.

Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, WinFixer àti SpySheriff ni orúkọ wọn. Wọ́n á dẹ́rù bà yín, wọ́n á gba káàdì yín, wọn ò ní í ṣe nǹkan kan. FTC gbé àwọn tó ṣe WinFixer lọ sílé ẹjọ́ ní 2008, wọ́n ní ó ju mílíọ̀nù kan èèyàn lọ tí wọ́n lù ní jìbìtì; ní 2012 ilé ẹjọ́ ní kí ọ̀kan nínú wọn san mílíọ̀nù 163 dọ́là.

Ti òde òní kì í tiẹ̀ ṣe sọ́fútíwíà. Ìgbà kan ni ẹ wọ ojúewé tí ẹ ti fẹ́ wo bọ́ọ̀lù tàbí fíìmù, ó ní kí ẹ tẹ "Allow" láti fi hàn pé ẹ kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì, ẹ tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà yẹn ló ti ní àṣẹ láti máa fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí igun ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà yín. Kò sí ẹ̀ṣọ́ tó máa rí i, torí ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Nínú Chrome, ẹ wọ Settings, Privacy and security, Site settings, Notifications. Ẹ máa rí orúkọ àwọn ojúewé náà, kò sí èyí tó dún bí orúkọ èèyàn gidi nínú wọn. Ẹ yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá kan ní Òkèsà ti san owó fún ẹlòmíì láti "fọ" kọ̀ǹpútà wọn lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọyẹ́. Office tí mo lò, ọ̀rẹ́ mi ló bá mi "crack" ẹ̀, ó fọgbọ́n ṣí i láìsanwó. Defender ń pa á rẹ́. Ṣé kí n pa Defender ni?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a jókòó sí díẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà mẹ́wàá tó dé ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú amí tó ń jí páswọ́ọ̀dù, ó ṣòro kí n rí méjì tí kò gba ọ̀nà crack wọlé. Ẹ ka ìlànà tó máa ń wà nínú fódà rẹ̀: ohun àkọ́kọ́ tó máa ń sọ ni pé "pa antivirus rẹ". Bí àlejò bá dé ẹnu ọ̀nà yín tó ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ so ajá mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé, ṣé ẹ ò ní bi í pé kí ló gbé dání?

Èmi náà ti ṣe é, mi ò ní sẹ́. Aránṣọ kan ní Basìrì fẹ́ Office láti máa kọ rìsíìtì, owó ò sí. Mo fi fúláàṣì mi ṣe "activator", ìyẹn crack, fún un, mo pa Defender, mo tàn án padà, gbogbo ẹ̀ lọ geere. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló pè mí tẹkúntẹkún. Wọ́n ti gba Facebook tó fi ń tajà, wọ́n yí fóònù nọ́ńbà ibẹ̀ padà, wọ́n ń ta ọjà olówó iyebíye lórúkọ ẹ̀ fún àwọn oníbàárà ẹ̀. Mo ṣí Exclusions, fódà tí activator mi ṣẹ̀dá wà níbẹ̀. Mo sá fọ ẹ̀rọ náà lọ́fẹ̀ẹ́, mo tọrọ àforíjì, mo sì da fáìlì yẹn nù. Facebook náà ò padà.

LibreOffice jẹ́ ọ̀fẹ́ láti ìpìlẹ̀, ó ń ṣí fáìlì Word àti Excel. Bí alábòójútó iṣẹ́ ìwádìí yín bá sì fẹ́ Word dandan, Word orí íntánẹ́ẹ̀tì wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá ní àkáǹtì Microsoft. Kì í ṣe pé wọ́n dùn ún lò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní kí ẹ so ajá.

Mo gbé fúláàṣì lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà láti tẹ̀wé. Nígbà tí mo délé, gbogbo fáìlì mi ti di "shortcut".

Ẹ má tẹ ìkankan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá tẹ shortcut náà, ẹ ti pè é wọlé nìyẹn. Fáìlì yín ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kàn fi pa mọ́ ni. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ fúláàṣì, ẹ yan Scan with Microsoft Defender. Lórí Windows 11, ó lè wà lábẹ́ Show more options. Bó bá ti parí, ẹ wo lẹ́tà tí fúláàṣì ń jẹ́. Bó bá jẹ́ E, ẹ ṣí Command Prompt (fèrèsé dúdú tí a ń kọ àṣẹ sí), ẹ tẹ èyí gẹ́gẹ́ bó ṣe wà:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Àwọn fáìlì yín á yọjú. Ẹ pa àwọn shortcut rẹ́. Nígbà míì, ẹ fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp tàbí imeèlì kí wọ́n bá yín tẹ̀ ẹ́, fúláàṣì á jókòó sílé.

Windows 7 ni mo ń lò.

Microsoft ti pa á tì láti ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020. Ẹ̀ṣọ́ tó dára jù láyé ò lè ṣọ́ ilé tí ògiri rẹ̀ ti lanu. Windows 10 náà ti dópin ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àmọ́ àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìmúdójúìwọ̀n lè gbà á títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Bí ẹ̀rọ yín ò bá lè gbé Windows 11, ẹ bi ẹni tó mọ Linux Mint léèrè, òun lè rọ́pò Windows. Ó jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì máa ń sáré lórí ẹ̀rọ àgbà.

Mo fura gan-an báyìí. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ já íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára kọ̀ǹpútà náà kó má lè fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́. Ẹ gbé fóònù tí ẹ mọ̀ pé ó mọ́, ẹ fi yí páswọ́ọ̀dù imeèlì yín padà, lẹ́yìn náà ti báńkì, lẹ́yìn náà Facebook. Imeèlì ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí òun ni wọ́n fi ń ṣí gbogbo yòókù. Ẹ tún wá ibi tí wọ́n kọ "log out of all devices" sí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Àwọn amí kan ń jí ohun tó ń jẹ́ kí ẹ wọlé láìtẹ páswọ́ọ̀dù, páswọ́ọ̀dù tuntun nìkan ò lè lé wọn.

Ẹ wá padà sídìí kọ̀ǹpútà náà. Ní Windows Security, Scan options, ẹ yan Microsoft Defender Antivirus (offline scan). Ẹ̀rọ á kú, á tún jí, á yẹ ara rẹ̀ wò kí Windows tó tají, nígbà tí amí kò tíì rí àyè dìde. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ni. Ẹ rí i pé bátìrì kún, torí bí iná bá lọ láàárín, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Malwarebytes, lẹ́yìn rẹ̀ AdwCleaner. Bó bá jẹ́ pé ajípáswọ́ọ̀dù ni wọ́n rí, èmi kì í gbẹ́kẹ̀ lé fífọ̀ mọ́. Mo máa ń kó ìwé àti fọ́tò jáde, n ó sì tún Windows ṣe láti ìpìlẹ̀.

Èló lẹ máa gbà láti bá mi ṣe gbogbo ẹ̀?

Bó bá jẹ́ Defender, Malwarebytes àti AdwCleaner, ẹ lè ṣe é nílé yín, kò gba owó. Títún Windows ṣe láti ìpìlẹ̀ ni mo ń gbowó lé, torí kíkó fáìlì jáde lè gba odindi ọjọ́ kan. Bí ẹ bá ń gbé e bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ṣájà dání. Láptọ́ọ̀pù márùn-ún ló wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mẹ́ta nínú wọn ò ní ṣájà.